Àgbo ibà pọ́njú fún ìkókó: kí ni ìwádìí fi hàn?

Ṣáwárà ni àwọn elédè Hausa ní Minna, olú-ìlú ìpínlẹ̀ Niger, ń pe àìsàn tí Yorùbá mọ̀ sí ibà pọ́njú. Gbòǹgbò ráwáyà wà lára egbòogi rẹ̀ ní àríwá Nàìjíríà. Àwọ̀ ìyeyè ni orúkọ náà túmọ̀ sí, bẹ́ẹ̀ ni gbòǹgbò náà sì rí. Ní ilẹ̀ Yorùbá, omi ìbẹ́pẹ dúdú ni àwọn ìyá mìíràn ń fún ọmọ mu.

Kì í ṣe pé egbòogi kò ní agbára. Ní ọdún 1995, àwọn onímọ̀ ròyìn pé èròjà kan nínú Cochlospermum planchonii, irú ráwáyà kan, ń dáàbò bo ẹ̀dọ̀. Ní 2004, àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà fi hàn pé yin chen, egbòogi àwọn ará Ṣáínà, ń mú kí ẹ̀dọ̀ eku tètè palẹ̀ bilirubin mọ́, ìyẹn èròjà tí ń sọ ojú di ìyeyè. Ṣùgbọ́n eku kì í ṣe ìkókó.

Ẹ̀dọ̀ ìkókó kò sábà ṣàìsàn. Kò tíì gbó ni. Nínú ọmọ 100 tí oṣù wọn pé, ojú bíi 60 ń pọ́n ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ojú ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn sì ń mọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì láìlo oògùn. Ìyá tó fún ọmọ ní àgbo ní ọjọ́ kẹrin, tí ojú sì mọ́ ní ọjọ́ kẹwàá, yóò gbà pé àgbo ló ṣe é. Ta ni yóò bá a jiyàn?

Ìgbẹ́ ni bilirubin ń bá jáde, ọmú ló sì ń mú ọmọ yàgbẹ́. Ikùn tí àgbo tàbí omi glúkóòsì ti kún kò ní àyè fún ọmú. Ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin ní Nàìjíríà ni a sì bí láìní èròjà G6PD tó nínú ẹ̀jẹ̀. Kánfọ̀ tí a kó sáàárín aṣọ lásán lè ba ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́. Bí bilirubin bá wọ ọpọlọ, ọmọ lè kú, ó lè ya adití, tàbí kí ó má lè rìn láyé.

Iná aláwọ̀ búlúù ní ilé ìwòsàn ni ìtọ́jú tó dájú. Ìwádìí kan láti Èkó, tí a tẹ̀ jáde ní 2015, fi hàn pé oòrùn náà lè ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n lábẹ́ àtíbàbà tí ń sẹ́ ìtànṣán tó léwu kúrò, tí òṣìṣẹ́ ìlera sì ń ṣọ́ ọmọ. Ojú fèrèsé ilé kò tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ máa yẹ funfun ojú àti èrìgì ọmọ wò ní ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán. Bí ojú bá pọ́n kí ọmọ tó pé wákàtí 24, bí àtẹ́lẹsẹ̀ bá di ìyeyè, bí ọmọ bá kọ ọmú, tó ń sùn ṣáá, tàbí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ń tẹ̀ bí ọrun, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Bí ó bá ti mu àgbo, ẹ má fi pa mọ́ fún dókítà.