Ẹ̀KỌ́ KEJÌLÁ: OÒGÙN OORUN ÀTI IṢẸ́ ABẸ

Bàbá àgbẹ̀ kan ní ìpá. Dókítà ní iṣẹ́ abẹ ló máa wò ó sàn. Bàbá gbà. Òun àti ìyàwó rẹ̀ wá sí ilé ìwòsàn ní àárọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà á.

« Ọmọ mi, bí mo bá sùn, tí n kò jí mọ́ ńkọ́? »

Obìnrin tó ń fún aláìsàn ní oògùn oorun dá a lóhùn pé: « Bàbá, ìbéèrè yín dára. Ẹ jókòó. Oògùn yìí pé oríṣi mẹ́ta. Èkíní, a máa ń fi abẹ́rẹ́ sí ojú ibi tí a fẹ́ gé nìkan. Èkejì ni abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn. Láti ìbàdí dé ẹsẹ̀ kò ní mọ ìrora fún wákàtí díẹ̀, ṣùgbọ́n aláìsàn lè lajú sílẹ̀. Ẹ̀kẹta ń mú ni sùn pátápátá. Bí ẹ bá sùn, n kò ní kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Màá máa ṣọ́ èémí yín àti bí ọkàn yín ṣe ń lù. »

« Ṣé kò sí ewu nínú rẹ̀ rárá? »

« Mi ò ní purọ́ fún yín, Bàbá. Ewu wà, ṣùgbọ́n kò wọ́pọ̀. Ohun tí aláìsàn bá fi pamọ́ ló ń sọ ọ́ di ńlá. Bí ẹni tó sùn bá ti jẹun, oúnjẹ lè gòkè láti inú ikùn, kó bọ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ìyẹn lè pa ènìyàn. »

Bàbá dákẹ́. Ìyàwó rẹ̀ wò ó. Bàbá ní: « Mo jẹ ẹ̀kọ láàárọ̀ yìí, kí n lè lágbára. Mo tún mu àgbo. »

« Ẹ ṣeun tí ẹ sọ òtítọ́, Bàbá. Ẹ jẹ́ kó di ọ̀la. »

Ní ọjọ́ kejì, Bàbá wá láìjẹun. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Ó sùn, ó sì jí.

Ẹ JẸ́ KÍ A RÁNTÍ

Wákàtí 6, ó kéré tán, kí iṣẹ́ abẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ má jẹun mọ́, ẹ má sì mu ògì tàbí wàrà. Bí dókítà bá gbà, ẹ lè mu omi lásán títí yóò fi ku wákàtí 2.

Ẹ sọ nǹkan wọ̀nyí fún dókítà:
1. Ohun tí ẹ jẹ tàbí tí ẹ mu, àti aago tí ẹ jẹ ẹ́.
2. Oògùn òyìnbó àti àgbo tí ẹ ń lò.
3. Bí ẹ bá ń mu sódàbì tàbí sìgá.
4. Ẹ̀jẹ̀ ríru, ikọ́ fée, oyún, eyín tó ń mì.
5. Oògùn tó ti bá ara yín tàbí ti ẹbí yín jà rí.

Bí wọ́n bá ní kí ẹ máa lọ sílé lọ́jọ́ náà, ẹ má gun alùpùpù fúnra yín. Kí ará ilé sìn yín lọ.

ÌBÉÈRÈ

1. Kí ló dé tí wọn kò ṣe iṣẹ́ abẹ fún Bàbá lọ́jọ́ kìíní?
2. Bí iṣẹ́ abẹ bá máa bẹ̀rẹ̀ ní aago 8 àárọ̀, aago mélòó ni ẹ kò gbọdọ̀ jẹun mọ́?
3. Ẹ kọ oògùn àti àgbo tí ẹ̀yin ń lò sínú ìwé yín.