Aṣọ Baba Ńlá

Ní 1879, ayàwòrán Hans Makart kó ọ̀pọ̀ ará Vienna, ní Austria, jáde láti bá ọba wọn yọ̀. Aṣọ ayé àtijọ́ ni wọ́n wọ̀, bí ẹni pé àwọn ènìyàn inú àwòrán ló ń rìn bọ̀.

Irú rẹ̀ ń bẹ ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ní ọjọ́ kẹta Iléyá, àwọn ọmọ ilé balógun a múra bí jagunjagun, wọn a gun ẹṣin wọ Ojúde Ọba, ìbọn a máa dún. (Àwa ará omi ńkọ́? Ọkọ̀ ni ẹṣin tiwa!) Ẹ rò ó wò: ní 1892 ni Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọn. Síbẹ̀, ọmọ tí kò rí ogun rí ṣì ń wọ aṣọ balógun, kí a lè mọ ilé tí ó ti wá.

Ìbéèrè: Aṣọ wo ni a fi ń mọ ará ilé tiyín?