Kí o tó máa jí kọ̀ǹpútà dìde láti òkèèrè

Ọmọ mi, mo gbọ́ pé o ti ríṣẹ́ kọ̀ǹpútà sí ilé iṣẹ́ kan ní Ilo-Awela, ní Ṣàngó Ọ̀tà. O kú oríire. Mo tún gbọ́ pé o ti lérí fún ọ̀gá rẹ pé láti ilé ni wàá ti máa tan gbogbo kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì, kí àwọn òṣìṣẹ́ tó dé. Mi ò bá ọ wí. Ẹni tó bá mọ bí Tollgate ibẹ̀ ṣe ń rí láago méje àárọ̀, tí tírélà àti kórópe ń du ojú ọ̀nà kan ṣoṣo, kò ní bá ọ wí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ jí ẹ̀rọ dìde láti òkèèrè, ìgbà tó wà nídìí ẹ̀rọ náà ló ti gbọ́dọ̀ ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ọ̀hún.

Ọgbọ́n jíjí ẹ̀rọ dìde láti òkèèrè ti pẹ́ láyé. Ní 1995 ni AMD àti Hewlett-Packard gbé Magic Packet jáde. Ní 1997, Intel àti IBM gbé e kiri lórúkọ Wake-on-LAN tí gbogbo wa wá mọ̀ ọ́n sí. Bí o bá pa kọ̀ǹpútà tí wáyà rẹ̀ ṣì wà lára ògiri, kò kú tán. Iná kékeré kan, fólítì 5, ṣì ń lọ sí káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ẹ̀rọ náà wà bí ọdẹ tó ń tòògbé: ojú ti pa dé, etí ṣì là sílẹ̀. Ìpè tí etí yẹn ń retí, Magic Packet náà, kò ju báìtì 102 lọ: FF lọ́nà 6, lẹ́yìn náà àdírẹ́sì MAC ẹ̀rọ ọ̀hún lọ́nà 16. Bí káàdì bá ti gbọ́ àdírẹ́sì ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀, á ní kí ẹ̀rọ dìde. Tẹ̀ ba, kí o wo ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, níbi tí kéèbù nẹ́tíwọ́ọ̀kì gbà wọlé. Bí iná wínníwínní ibẹ̀ bá ṣì ń tàn, ó ṣeé ṣe kó gbọ́ ọ. Bí kò bá tàn, kò sí ìpè tó lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Nídìí ẹ̀rọ náà ni kí o ti wọ inú BIOS. Ṣí Wake-on-LAN sílẹ̀. Nínú àwọn mìíràn, Power On By PCI-E ni wọ́n kọ síbẹ̀. Pa ErP, nítorí òun ló ń gba iná kékeré yẹn lẹ́nu káàdì. Láti Windows 8 ni Fast Startup ti dé, tí pípa kọ̀ǹpútà kì í fi í ṣe pípa gidi mọ́, ẹ̀rọ tí wọ́n bá sì pa báyẹn kì í sábà dá ìpè lóhùn. Pa òun náà. Kéèbù ni kí o lò. Má gbẹ́kẹ̀ lé Wi-Fi.

Ọ̀pọ̀ nínú èyí wà nínú ìwé tó bá mọdabọ́ọ̀dù wá. Ohun tí ìwé yẹn kò mọ̀ ni Ṣàngó Ọ̀tà. Ẹni tó kọ ọ́ rò pé iná ò ní kúrò lára ògiri láti alẹ́ dàárọ̀. Níhìn-ín, IBEDC tó ń pín iná lè mú un lọ láago méjì òru, ilé iṣẹ́ kò sì ní tan jẹnẹrétọ̀ nítorí ọ́fíìsì tí kò sí ẹnì kankan nínú rẹ̀. Ìwọ á wà nílé rẹ láago márùn-ún ìdájí, wàá máa ránṣẹ́ sí òkú. Èyí tó tún burú jù ni pé bí iná bá tilẹ̀ padà, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ni káàdì rẹ̀ kì í rántí pé ó yẹ kí òun máa tẹ́tí. Iná ti dé, àmọ́ iná wínníwínní ẹ̀yìn rẹ̀ ò tàn. Àfi kí ẹnìkan lọ tẹ bọ́tìnì, kí Windows wọlé, kí wọ́n tún un pa dáadáa, kí ó tó padà sẹ́nu iṣẹ́.

Àwọn kan á sọ fún ọ pé kí o wọ BIOS, kí o yan pé bí iná bá ti dé, kí ẹ̀rọ dìde fúnra rẹ̀. Ìmọ̀ràn yẹn dára níbi tí iná bá ti ń dé lẹ́ẹ̀kan. Níbi tó ti ń dé, tó ń lọ, tó tún ń dé láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ̀rọ tó bá ń dìde tó ń ṣubú báyẹn, bó pẹ́ bó yá, hard disk rẹ̀ á bàjẹ́. Èmi ò gbà kí o ṣe é àyàfi bí UPS tàbí ìnfẹ́tà bá wà lẹ́yìn rẹ̀. Ráútà àti swíìṣì ni kí o sì kọ́kọ́ so mọ́ ìnfẹ́tà, torí bí swíìṣì bá kú, ibo ni ìpè fẹ́ gbà kọjá?

Wọ́n á ní kí o kúkú fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀ ní títàn. Ṣírò owó rẹ̀ fún wọn. Kí á ní ẹ̀rọ kan ń jẹ wáàtì 80 láìṣe nǹkan kan. Láti aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ sí mẹ́jọ àárọ̀, ó ti jẹ ju yúníìtì kan lọ. Nígbà tí àjọ NERC gbé owó iná yúníìtì kan fún àwọn oníbàárà Band A dé náírà 225 ní oṣù kẹrin 2024, ìyẹn lé ní náírà 250 lóru ọjọ́ kan. Ní iye yẹn, ogún ẹ̀rọ á jẹ ju náírà 5,000 lọ kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ní ti ilé rẹ tí o fẹ́ ti máa pè wọ́n: inú nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà ni ìpè yìí ń dún. Láti 1999 ni ìlànà íntánẹ́ẹ̀tì ti ní kí ráútà má máa jẹ́ kí irú ariwo sí-gbogbo-ilé bẹ́ẹ̀ kọjá, nítorí àwọn ọ̀bàyéjẹ́ ti ń fi í da nẹ́tíwọ́ọ̀kì ẹlòmíràn rú. Nítorí náà, má lọ ṣí port 9 tí ìpè yìí sábà ń gbà sí ìta gbangba. Gba VPN wọlé, kí o jẹ́ kí ohun tó wà nínú nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọ́fíìsì ṣe ìpè náà. Ráútà MikroTik ní tirẹ̀ nínú, tool wol ni wọ́n ń pè é. Káàdì kì í béèrè ẹni tó rán ìpè. Àwọn káàdì kan lè gba ọ̀rọ̀ aṣínà, ṣùgbọ́n ìhòòhò ni ọ̀rọ̀ aṣínà náà ń rìn lójú wáyà.

Ohun kan wà tí mi ò ní bá ọ fi ṣeré rárá. Ilé iṣẹ́ ni o wà, kì í ṣe báńkì. Yàtọ̀ sí kọ̀ǹpútà àwọn akọ̀wé, ó ní èyí tó ń darí ẹ̀rọ nísàlẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń rọ ike tàbí tí wọ́n ti ń di nǹkan sínú ọ̀rá. Má fi Wake-on-LAN sórí irú wọn láé. Òṣìṣẹ́ tó bá rí i pé ojú kọ̀ǹpútà ṣókùnkùn á rò pé gbogbo rẹ̀ ti kú, á na ọwọ́ sínú ẹ̀rọ láti fọ̀ ọ́. Bí wọ́n bá ti ṣètò kọ̀ǹpútà yẹn pé bó bá ti dìde kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, ìwọ tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì nílé lo máa gé ọwọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Bí ọ̀gá bá takú pé àfi kí o ṣe é, ní kí ọ̀gá ẹnjiníà fọwọ́ sí i lórí ìwé. Kò ní fọwọ́ sí i.

Sọ fún àwọn gáàdì òru pẹ̀lú. Ojú kọ̀ǹpútà mẹ́jọ tó ṣàdéédéé tàn nínú ọ́fíìsì tí wọ́n tì pa, láago márùn-ún ìdájí! Gáàdì mìíràn á kọ́kọ́ sá ná kí ó tó fọn fèrè. Má sì jí wọn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ìnfẹ́tà má baà já. Fi ìṣẹ́jú kan sáàárín ọ̀kan sí èkejì.

Ra ìwé kan. Kọ tábìlì tí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan wà síbẹ̀, àdírẹ́sì MAC rẹ̀, ihò swíìṣì tí kéèbù rẹ̀ wọ̀. Bí wọ́n bá pààrọ̀ mọdabọ́ọ̀dù, àdírẹ́sì ti yí padà nìyẹn, tún un kọ. Ní ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn tí wọ́n bá ṣíwọ́, yọ wáyà wọn kúrò lára ògiri bí ẹni pé wọ́n mú iná lọ, dá a padà, kí o wá pè wọ́n. Èyí tó bá dìde, sàmì sí i. Èyí tí kò bá dìde, kọ ọ́ sójú ìwé tirẹ̀, nítorí àwọn yẹn ni wàá ṣì máa rìn lọ tẹ bọ́tìnì wọn láàárọ̀ Mọ́ńdè.