Ìrun Márùn-ún Lóòjọ́

Ní ìdájí, kí ilẹ̀ tó mọ́, ladáànì a pe ìrun ní Ìjẹ̀bú-Igbó, a sì tún gbọ́ ọ ní Àgọ́-Ìwòyè. Ẹni tó ń lọ sóko kòkó a jí, ẹni tó ń lọ la pákó a jí. Lọ́hùn-ún ní ìsàlẹ̀ odò, ní ìhà Ìwópin, apẹja tó ti wà lójú omi láti òru a gbójú sókè wo ọ̀run, a sì mọ̀ pé Àsùbáà ti tó.

Kí ni ìrun? Ẹ má ṣe pa á pọ̀ mọ́ àdúà. Àdúà ni ohun tí ènìyàn fi ẹnu ara rẹ̀ tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run, nígbàkigbà, ní èdè tó bá gbọ́. Ìrun ní àkókò tirẹ̀. Ó ní ìdúró, ó ní ìtẹríba, ó ní ìforíkanlẹ̀.

Àsùbáà ní raka 2, kí oòrùn tó yọ. Àìlà ní 4, nígbà tí oòrùn bá yẹ̀ kúrò ní àtàrí. Aláàsárì ní 4, ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí òjìji bá ti gùn. Mọ̀gàríbì ní 3, kété tí oòrùn bá wọ̀. Ìṣáì ní 4, nígbà tí pupa ojú ọ̀run bá lọ tán. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 17. Nínú raka kan, ìforíkanlẹ̀ jẹ́ 2. Iwájú orí ń kan ilẹ̀ ní ìgbà 34 lóòjọ́ nìyẹn. (Ẹ̀yin tí ẹ ti ń kọ́ ìṣirò, ẹ ṣe é wò fúnra yín.)

Kí á tó kírun, a ó ṣe àlùwàlá: ọwọ́, ẹnu, imú, ojú, apá dé ìgúnpá, orí, ẹsẹ̀. Omi kẹ́tùrù kan tó. Àwọn àfáà a máa kọ́ni pé bí ènìyàn tilẹ̀ wà létí odò tó ń ṣàn, kó má fi omi ṣòfò. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ará etí omi gan-an! Àwọn náà ni òwe Ànábì Muhammad yóò tètè yé: ó fi ìrun márùn-ún wé odò tó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé, tí onílé ń wẹ̀ nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún lóòjọ́. Ìdọ̀tí wo ni yóò kù lára rẹ̀?

Ìrun kò ni aláìlágbára lára. Aláìsàn lè jókòó kí i, ó lè dùbúlẹ̀ kí i. Arìnrìn-àjò ọ̀nà jíjìn a dín raka 4 kù sí 2. Obìnrin tó ń ṣe nǹkan oṣù kì í kírun, kò sì ní san án padà.

Èrè rẹ̀ ńkọ́? Ìrun ń pín ọjọ́ fún ènìyàn, kí iṣẹ́ má baà gbé e mì. Nínú mọ́ṣáláṣí, olówó àti alábàárù ń dúró ní èjìká sí èjìká. Ṣùgbọ́n èrè tó tóbi jù wà lẹ́yìn sálámà, nígbà tí a bá padà sọ́jà. Ẹni tó kí Àìlà tán, tó wá ń fi kóńgò tí a ti tẹ ìdí rẹ̀ wọnú wọn gàrí fún oníbàárà, kí ló kí? Ẹni tí àpá ìforíkanlẹ̀ wà níwájú orí rẹ̀, tí kò san owó alágbàṣe ńkọ́?

Súrà kúkúrú kan wà nínú Àlùkùránì tí wọ́n ń pè ní Máhùn. Ó bá àwọn tó ń kírun ṣe kárími wí, àwọn tó ń lé ọmọ òrukàn, tí wọn kò sì lè yá aládùúgbò ní ohun èlò kékeré. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti mọ súrà yìí lórí láti ilé kéwú, tí wọn kò mọ ohun tó wí. Ẹ̀yin ti mọ̀wé báyìí. Ẹ bi àfáà yín ní ìtumọ̀ rẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé yín ní Yorùbá.

Ìbéèrè
1. Ìrun wo ló ní raka 3?
2. Báwo ni àdúà ṣe yàtọ̀ sí ìrun?
3. Kóńgò ta ni ẹ ti rí tí ìdí rẹ̀ wọnú? Ẹ má dárúkọ rẹ̀.