Ìlú Mẹ́fà Lọ́jọ́ Mẹ́ta? Bí A Ṣe Ń Ṣètò Ìrìn-Àjò Kékeré sí Orílẹ̀-Èdè Bẹ̀nẹ̀

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ ń ti ara yín níwájú ògiri yìí, ẹ rọra, ìwé yìí ò ní sá lọ.

Gbogbo wa la ti gbọ́ pé Press Club fẹ́ lọ sí orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta nígbà ọlidé. Kì í ṣe Bìní ti ìpínlẹ̀ Ẹdó là ń wí o. Bẹ̀nẹ̀ tó wà lẹ́yìn Bàdágírì ni, èyí tí àwọn ìyá àgbà wa ṣì ń pè ní Dàhòmì, nítorí orúkọ tó ń jẹ́ nìyẹn kí wọ́n tó yí i padà ní 1975. Ẹ̀kọ́ tọ̀sẹ̀ yìí dá lórí bí a ṣe ṣètò ìrìn-àjò náà, bí a ṣe kọ́kọ́ ṣe é tí kò dáa, àti bí a ṣe tún un ṣe. Bí ẹ ò bá tiẹ̀ bá wa lọ, ẹ lè fi ẹ̀kọ́ yìí ṣètò ìrìn-àjò ibikíbi.

ÀṢÌṢE ÀKỌ́KỌ́: MÁÀPÙ TÀN WÁ JẸ

Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ jókòó, a kọ orúkọ ìlú mẹ́fà sójú bọ́ọ̀dù: Àjàṣẹ́ tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo, Kùtọnu, Ganvié tó wà lórí omi, Ouidah, Àgbómẹ̀ àti Kétu. Ẹnì kan ní, "Ìlú méjì lóòjọ́, kí ló le níbẹ̀? Ṣebí orílẹ̀-èdè kékeré ni."

Òótọ́ ni, kékeré ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa. Ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 115,000 kìlómítà níbùú lóròó, Nàìjíríà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 924,000. Tiwa tó tiwọn lọ́nà mẹ́jọ. Ṣùgbọ́n ẹ tún máàpù náà wò. Etí òkun wọn kúrú, àmọ́ láti etí òkun yẹn títí dé Odò Ọya lókè lọ́hùn-ún fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 700 kìlómítà. Orílẹ̀-èdè tó tín-ín-rín tó sì gùn ni. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ rí gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ mẹ́ta, ẹ̀yìn dẹ́rẹ́bà ló máa rí.

Tíṣà Jọ́gíráfì wa ò bá wa jiyàn. Wọ́n kàn na ṣọ́ọ̀kì sí wa, wọ́n ní ká kọ ibi tí ìlú kọ̀ọ̀kan jìnnà sí Kùtọnu dé. Àjàṣẹ́, bíi 30 kìlómítà. Ouidah, bíi 40. Àgbómẹ̀, bíi 140. Kétu náà jìnnà, apá ààlà ìpínlẹ̀ Ògùn ló wà.

Wọ́n ní ká ṣírò Àgbómẹ̀ nìkan. Lílọ àti bíbọ̀ jẹ́ 280 kìlómítà. Bí ọkọ̀ bá ń rin 50 kìlómítà ní wákàtí kan, tí a bá ka dídúró rẹ̀ mọ́ ọn, wákàtí 5 àti ìṣẹ́jú 36 nìyẹn. Ojúmọmọ ò sì ju bíi wákàtí 12 lọ. Ẹ yọ oúnjẹ, ẹ yọ dídúró ní gáréèjì kí ọkọ̀ tó kún, ẹ yọ ọ̀rẹ́ wa kan tí kì í tètè jí. Kí ló kù? Nígbà tí a ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìlú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, wákàtí tí a máa fi jókòó nínú ọkọ̀ ju èyí tí a máa fi wo nǹkan lọ. Kíláàsì dákẹ́ lọ gbári.

Òfin kìíní nìyí: Wákàtí ni kí o kà, má ka kìlómítà. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní Bàrígà, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Fadéyì sí Mile 2 ò jìnnà lórí máàpù. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ láàárọ̀ Mọ́ńdè kí ẹ wá sọ tẹnu yín.

ÌJÀ: ÌLÚ WO LA MÁA YỌ?

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti le. A gbà pé ìlú mẹ́fà pọ̀ jù, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fẹ́ kí wọ́n yọ tirẹ̀. Ọmọ kíláàsì wa kan, Kétu ni wọ́n ti bí ìyá àgbà rẹ̀. Ó ní bí a bá yọ Kétu, kí a yọ orúkọ òun náà. Ẹlòmíì ní Àgbómẹ̀ ni olórí gbogbo ẹ̀, nítorí ààfin àwọn ọba Dàhòmì wà níbẹ̀, UNESCO sì ti kọ ọ́ mọ́ àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé láti 1985. Òun náà ò purọ́.

Ohun mìíràn tún wà tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́ sọ síta. Owó. Bí ìlú ṣe ń pọ̀ ni owó ọkọ̀ àti owó ibùsùn ń pọ̀. Àwọn mẹ́ta ti fi ìlà pa orúkọ wọn rẹ́ nínú ìwé, wọn ò sọ ìdí. A mọ̀ ọ́n.

Tíṣà Hísírì wa ló bá wa parí ìjà náà. Wọ́n ní, "Ẹ fi orúkọ ìlú sílẹ̀ ná. Ìbéèrè wo lẹ fẹ́ lọ bi ilẹ̀ náà?" Lẹ́yìn àríyànjiyàn pípẹ́, a fẹnu kò sí ìbéèrè kan: kí ló ṣẹlẹ̀ sí àwọn ènìyàn etí òkun yìí nígbà òwò ẹrú? Bí a ṣe sọ bẹ́ẹ̀ tán, àwọn ìlú náà bẹ̀rẹ̀ sí í to ara wọn. Ouidah ni ti àwọn tí wọ́n kó lọ. Ganvié ni ti àwọn tó sá mọ́ wọn lọ́wọ́. Àjàṣẹ́ ni ti àwọn tó padà bọ̀.

Òfin kejì: Wá ìbéèrè kan kí o tó wá ìlú. Ìlú tí kò bá dáhùn ìbéèrè rẹ, bó ti wù kó dára tó, dì í di ọjọ́ mìíràn.

ÈTÒ WA, LỌ́JỌ́ KỌ̀Ọ̀KAN

Òfin kẹta ló gbé ètò yìí ró: Ibì kan ṣoṣo ni kí o sùn sí, bó bá ṣeé ṣe. Ẹni tó ń di ẹrù tó ń tú ẹrù láràárọ̀ ti pàdánù wákàtí méjì kó tó jáde. Kùtọnu la máa sùn sí lálẹ́ méjèèjì, ibẹ̀ la ó ti máa lọ tí a ó sì máa padà.

Ọjọ́ kìíní, Àjàṣẹ́. A máa kúrò ní Igbóbì ní aago márùn-ún ìdájí, Mile 2, Bàdágírì, ó di ààlà Sèmè. Aago tiwọn àti tiwa dọ́gba, nítorí náà kò sí pé à ń yí aago. Ọ̀sán la fojú sọ́nà láti dé Àjàṣẹ́. Òun ni olú-ìlú orílẹ̀-èdè náà nínú ìwé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Kùtọnu ni ìjọba ń jókòó sí. A máa wo ààfin Ọba Toffa tó ti di ilé ọnà. A máa wo mọ́sáláṣí ńlá tó jọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ má rẹ́rìn-ín o! Àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn tó ti oko ẹrú Brazil padà wálé àti àwọn ọmọ wọn, ló mú irú ilé kíkọ́ bẹ́ẹ̀ wá. Ẹni tó bá ti rin Pópó Àgùdà ní Ìsàlẹ̀ Èkó rí máa mọ ilé wọn lójú ẹsẹ̀. Ìrọ̀lẹ́, a wọ Kùtọnu.

Ọjọ́ kejì, Ouidah, láàárọ̀ ṣúlẹ̀. Odidi ọjọ́ kan la fún un, a ò sì fi nǹkan kan mọ́ ọn. Àwọn Potogí kọ́ ilé odi sí ìlú yìí ní 1721. Ilé òrìṣà òjòlá àti ṣọ́ọ̀ṣì ńlá àwọn Kátólíìkì kọjú síra wọn níbẹ̀. Láti àárín ìlú dé etí òkun tó bíi 4 kìlómítà, ọ̀nà tí wọ́n máa ń mú àwọn ẹrú gbà lọ sínú ọkọ̀. Ẹsẹ̀ la máa fi rìn ín. Ní ìparí rẹ̀ ni ẹnu ọ̀nà ńlá kan wà tí wọ́n kọ́ fún ìrántí, tí wọ́n pè ní Ẹnu Ọ̀nà Àìpadàbọ̀.

Ẹnì kan wà tí a fẹ́ kí gbogbo wa rántí níbẹ̀: Oluale Kossola, tí Amẹ́ríkà sọ di Cudjo Lewis. Ọmọ Yorùbá ni, láti apá ibi tó di Bẹ̀nẹ̀ lónìí. Ní 1860, ọmọ ogun Dàhòmì kó ìlú rẹ̀, wọ́n mú un wá sí Ouidah, wọ́n tì í mọ́lé kí wọ́n tó fi ọkọ̀ Clotilda gbé e lọ sí Alabama. Amẹ́ríkà sì ti fi òfin de kíkó ẹrú wọlé láti 1808! Nígbà tí ó gba òmìnira, òun àti àwọn tí wọ́n jọ wá fẹ́ padà sílé, ṣùgbọ́n wọn ò rí owó ọkọ̀ san. Wọ́n wá tẹ ìlú tiwọn dó síbẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Africatown. Ó kú ní 1935 láìfojú kan ilé mọ́. Àwa tí à ń ráhùn lórí owó ọkọ̀ lọ-bọ̀, ẹ jẹ́ ká rò ó.

Ọjọ́ kẹta, Ganvié, lẹ́yìn náà ilé. Abomey-Calavi, nítòsí Kùtọnu, la ti máa wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sórí adágún Nokoué. Òpó igi ni wọ́n fi gbé ilé dúró lórí omi. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé àwọn baba ńlá wọn sá síbẹ̀ nítorí àwọn akónilẹ́rú Dàhòmì, tí ẹ̀sìn wọn kò gbà kí wọ́n jagun lórí omi. Ẹni tó bá mọ Mákòkó máa rò pé òun ti rí i rí, ṣùgbọ́n ìdí tí wọ́n fi lọ sórí omi ni ẹ̀kọ́ ibẹ̀. Ọ̀sán gangan, a ti gbọ́dọ̀ kọjú sí Sèmè. Òfin kẹrin: Ọjọ́ ìpadàbọ̀ kì í ṣe ọjọ́ ìran. Ohun kan ṣoṣo ni kí o fi sí i.

ÌWÉ, OWÓ ÀTI ÈDÈ

Ìwé: Ọmọ orílẹ̀-èdè ECOWAS ni wá. Èkó níbí ni wọ́n ti dá ECOWAS sílẹ̀ ní 1975, àdéhùn 1979 sì gbà wá láyè láti wọ Bẹ̀nẹ̀ láìgba físà fún àádọ́rùn-ún ọjọ́. Ṣùgbọ́n kò ní ká lọ lọ́wọ́ òfìfo o. O gbọ́dọ̀ ní páspọ́ọ̀tù tàbí ìwé ìrìnnà ECOWAS, àti yẹ́lò káàdì tó fi hàn pé o ti gba abẹ́rẹ́ ibà apọ́njú. Nítorí pé a ò tíì pé ọdún 18, àwọn tíṣà tún ní kí òbí kálukú kọ lẹ́tà ìyọ̀ǹda. Ẹ bẹ̀rẹ̀ èyí kí ẹ tó ronú bàtà tuntun.

Owó: CFA ni wọ́n ń ná. Iye rẹ̀ sí owó Yúróòpù kì í yí padà, 655.957 CFA ni Yúrò kan, àmọ́ iye rẹ̀ sí náírà ń yí lójoojúmọ́. Nítorí náà, CFA ni kí o fi kọ ìṣirò rẹ, kí o tó wá sọ ọ́ di náírà lọ́sẹ̀ tí o fẹ́ lọ. Pín in sí márùn-ún: ọkọ̀, ibùsùn, oúnjẹ, owó ìwọlé, àti owó ẹ̀gbẹ́-kan fún ohun tí a ò rò tẹ́lẹ̀. Má fọwọ́ kan ìkarùn-ún yẹn títí ilé.

Èdè: Faransé ni tìjọba. "Bonjour" kí o tó béèrè ohunkóhun, "C'est combien?" kí o tó gun ọ̀kadà wọn tí wọ́n ń pè ní zemidjan. Ní Àjàṣẹ́, Yorùbá wa máa wúlò. Kí àwọn àgbà dáadáa, kúnlẹ̀, dọ̀bálẹ̀. Ìyẹn ò nílò ògbufọ̀.

Ohun kan tó ṣe pàtàkì: láti àwọn ọdún àìpẹ́ yìí ni ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ti ń tún ọ̀pọ̀ ibi ìtàn ṣe. O lè dé ilé ọnà kan kí o bá ilẹ̀kùn ní títì. Òfin karùn-ún: Béèrè kí o tó lọ, kí o sì ní ohun mìíràn nílẹ̀ bí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn.

OHUN TÍ A PÀDÁNÙ

N ò ní parọ́ fún yín, ètò yìí dun àwọn kan. Ẹni tó fẹ́ Àgbómẹ̀ bi wá pé, "Ẹ máa rí àwọn tí wọ́n kó, ẹ máa rí àwọn tó sá. Àwọn tó kó wọn ńkọ́?" Kò sẹ́ni tó lè dá a lóhùn kíá. A wá fi ohun kan kún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kìíní: ère obìnrin jagunjagun Dàhòmì tí wọ́n ṣí ní Kùtọnu ní 2022, tó ga tó 30 mítà. Irú obìnrin wọ̀nyẹn wà nínú ogun tó wá ja Abẹ́òkúta ní 1851 àti 1864. Akọni ni wọ́n lójú Bẹ̀nẹ̀. Lójú Ẹ̀gbá ńkọ́? Òun ló máa darí àríyànjiyàn náà níwájú ère yẹn.

Ní ti Kétu, máàpù tó tàn wá jẹ náà ló gbà wá. Tíṣà Jọ́gíráfì fi hàn wá pé Kétu ò jìnnà sí Ìmẹ̀kọ, pé ọ̀nà Abẹ́òkúta gba Ìlárá ló yẹ ẹni tó bá ti Èkó lọ síbẹ̀. Ìrìn-àjò tirẹ̀ ni, kì í ṣe àfikún Kùtọnu. Ọ̀rẹ́ wa ti ń kọ ìbéèrè tó máa bi àwọn ẹbí ìyá àgbà rẹ̀ sílẹ̀. Kò yọ orúkọ rẹ̀ mọ́.

Nígbà tí a sì tún owó ṣírò lórí ètò tuntun yìí, ó wálẹ̀. Méjì nínú àwọn mẹ́ta tó ti pa orúkọ wọn rẹ́ ti tún un kọ. Ó ku ẹnì kan. Owó tí Press Club bá rí níbi títa ìwé ìròyìn tó ń bọ̀, tirẹ̀ la máa kọ́kọ́ fi kún. Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ra tiyín.

IṢẸ́ ÀṢETILÉWÁ

1. Kùtọnu sí Ouidah jẹ́ 40 kìlómítà. Bí ọkọ̀ bá ń rin 40 kìlómítà ní wákàtí kan, wákàtí mélòó la máa lò lọ-bọ̀? Nínú wákàtí 12, mélòó ló kù fún wíwo nǹkan?
2. Béèrè iye 1,000 CFA sí náírà lónìí àti lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Kọ ìyàtọ̀ rẹ̀ sílẹ̀.
3. Ṣètò ìrìn-àjò ọjọ́ méjì láti Igbóbì lọ sí ìlú méjì péré. Kọ ìbéèrè rẹ sókè ìwé kí o tó kọ orúkọ ìlú kankan.

Ẹ kó ìdáhùn yín sínú àpótí Press Club kó tó di Fráídè. Rírìn jìnnà ni rírí abuké ọ̀kẹ́rẹ́, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹni tó ń sáré kọjá, abuké á wà níwájú rẹ̀, kò ní rí i.