Ẹ̀sọ̀ Nínú Kíkọ́ Ọmọ Ní Ìwé Kíkà Nílé

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko bí ojú ẹja. Òbí tí ó bá jókòó ti ọmọ ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà láti kọ́ ọ ní ìwé kíkà ní láti mọ̀ pé ẹ̀sọ̀ tí òwe yìí ń wí kì í ṣe ọ̀yàyà lásán, nítorí ènìyàn lè máa rẹ́rìn-ín kí ó má sì ní sùúrù rárá. Inú ìwọ̀n àkókò tí àgbà bá fi sílẹ̀, láti ìgbà tí ojú ọmọ bá kan ọ̀rọ̀ títí dìgbà tí ẹnu rẹ̀ yóò pè é, ni sùúrù ti ń hàn.

Bí ọmọ bá fi ìka sábẹ́ "bàtà", ó ní láti rántí ìró b àti ìró a, kí ó pa wọ́n pọ̀ di sílébù, ìyẹn ègé ọ̀rọ̀ tí a ń gbé jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ó di "bà" mú sọ́kàn bí ó ti ń wá "tà" lọ, kí ó tó wá so méjèèjì pọ̀, kí ó sì mọ̀ pé ohun tí òun ń wọ̀ sẹ́sẹ̀ ni wọ́n kọ síbẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni, inú ìdákẹ́jẹ́ tí àgbà ń pè ní àìmọ̀ sì ni iṣẹ́ náà ti ń lọ lọ́wọ́. Òbí tí ó bá já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọmọ lẹ́nu ní àkókò yìí ti kàwé fún ara rẹ̀, ọmọ yóò sì tètè kọ́ láti máa wo ẹnu àgbà dípò ojú ìwé.

Àṣìṣe ọmọ pàápàá máa ń nídìí. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí ń bẹ̀rẹ̀ a máa fi b pe d fún ìgbà díẹ̀ láìjẹ́ pé ọpọlọ wọn kò pé. Lẹ́tà n le jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú àkọtọ́, ìyẹn ìlànà tí a fi ń kọ Yorùbá sílẹ̀, nítorí iṣẹ́ mẹ́ta ni ó ń ṣe: kọ́ńsónáǹtì ni nínú "ná", nínú "ẹran", ó ń sọ fáwẹ́lì di àránmúpè, èyí tí èémí rẹ̀ ń gba ẹnu àti imú jáde, nínú "pańla", ó dá dúró gẹ́gẹ́ bíi sílébù kan. Ọmọ tí ó ka "ẹran" ní ègé mẹ́ta, "ẹ-ra-n", mú òfin "pańla" lọ síbi tí kò yẹ ni. Òmùgọ̀ kì í lo òfin. Ẹni tí ó gbá a létí nítorí rẹ̀ ló yẹ kí a bá wí.

Bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, a a fi ọ̀tún fà á mọ́ra. Ọmọ tí ó pe "ọkọ̀" ní "ọkọ́" ti pe gbogbo lẹ́tà bó ti yẹ, ohùn nìkan ló ṣì. Nítorí náà, kí òbí kọ́kọ́ yìn ín fún lẹ́tà, lẹ́yìn náà kí wọ́n jọ fi dò-re-mí kùn ún, re-dò fún ọkọ̀ tí a ń wọ̀, re-mí fún ọkọ́ tí a fi ń roko, kí ọmọ fúnra rẹ̀ tó padà sójú ìwé. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójoojúmọ́ tó fún irú iṣẹ́ yìí. Wákàtí gbáko lọ́jọ́ Sátidé kò lè rọ́pò rẹ̀.

Ìkánjú mìíràn ni ti Gẹ̀ẹ́sì, tí àwọn òbí kan fẹ́ kí ọmọ fi bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ lẹ́tà a nìkan ní ìró púpọ̀ níbẹ̀, nígbà tí ti Yorùbá dúró sójú kan. Ní ọdún 1970, Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá ṣe agbátẹrù rẹ̀, nínú èyí tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní iṣẹ́ wọn fún ọdún mẹ́fà, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàárín àwọn yòókù. Àbájáde rẹ̀ fi hàn pé àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì.