Ṣé Dandan Ni Kí Ẹ Ra Antivirus?

Ẹ̀yin ará, kí ẹ tó sanwó, ẹ wo ohun tó ti wà nílé. Microsoft Defender ti wà nínú Windows 11, ọ̀fẹ́ ni. Fún ìmeèlì, báńkì àti iṣẹ́ ilé-ìwé àwọn ọmọ, ó tó, bí ẹ bá ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà gba àtúnṣe déédéé.

Bí ẹ bá ṣì fẹ́ ra, ẹ bèèrè iye ọdún kejì. Èmi oníṣirò owó ra ọ̀kan ní £20. Ọdún yípo, wọ́n yọ £70 ní báńkì mi. Mi ò ka àdéhùn dópin!

Bí ìkìlọ̀ bá ṣàdédé yọ lójú kọ̀ǹpútà pé kí ẹ pe nọ́ńbà kan, ẹ má pè é o. Olè ni.